Akọ Eku Kò Lóyún Rí: Ẹ Jẹ́ Ká Fi Sẹ́ẹ̀lì Ìpìlẹ̀ Yẹ Kẹ́míkà Wò Kó Tó Dé Inú Aboyún

Bí aboyún bá kọjá lọ́dọ̀ wa, àdúrà tó ń jáde lẹ́nu wa kì í gùn: a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Gbogbo ayé ló ń ṣe àmín sí i, àwa náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àmín kò lè dáhùn. Àwọn nǹkan tí aboyún ń gbé mì, èyí tó fi ń para, èyí tó ń fà símú nígbà tí wọ́n bá ń fín oko, ta ló ti yẹ̀ wọ́n wò pé wọn kò ní ṣe ọlẹ̀ inú rẹ̀ níṣẹ́? Ìdáhùn tí a ti ń fún ara wa láti ọjọ́ pípẹ́ ni eku. Àwa ń sọ pé eku nìkan kò tó. Ọ̀nà mìíràn ti wà fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ó sì ti tó àkókò kí àwọn yunifásítì wa àti NAFDAC gbà á wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Biochemistry, Pharmacology, Physiology tàbí Zoology, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ wo àkọlé àwọn project tó tò sórí àtẹ ní ẹ̀ka yín: ewé báyìí lára eku Wistar, èèpo igi báyìí lára eku Wistar, èso báyìí lára eku Wistar. Lọ́pọ̀ ìgbà, akọ ni a máa ń rà, nítorí wọ́n ní ìyípo ara abo máa ń da èsì rú. A ó fún wọn ní omi ewé náà fún ọjọ́ 28, a ó pa wọ́n, a ó wo ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn, a ó sì kọ ọ́ sí ìparí ìwé pé ewé náà kò léwu. Kò léwu fún ta ni? Akọ eku kò lóyún rí. Síbẹ̀, irú gbólóhùn yẹn ni ẹni tó ń ta àgbo á gbé kiri pé yunifásítì ti yẹ ọjà òun wò.

Ẹ jẹ́ ká rántí ìdí tí ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1957, ilé-iṣẹ́ Grünenthal ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn oorun kan tó ń jẹ́ Contergan. Thalidomide ni kẹ́míkà inú rẹ̀. Wọ́n polówó rẹ̀ pé kò léwu, kò sì pẹ́ tí àwọn aboyún fi ń lò ó fún èébì òwúrọ̀. Wọn kò dán an wò lára ẹranko tó lóyún kí wọ́n tó gbé e jáde. Ìgbà tí ọdún 1961 fi máa parí, tí Widukind Lenz, dókítà àwọn ọmọdé ní Hamburg, ti pariwo, tí William McBride náà ti kọ̀wé láti Australia, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ó lé ní 10,000 ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù, apá tàbí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò dàgbà, ọ̀pọ̀ kò sì pẹ́ láyé. Ní Amẹ́ríkà, Frances Kelsey ni kò fọwọ́ sí ìwé oògùn náà. Ó ní ẹ̀rí tí wọ́n mú wá kò tó. Kò sí ohun tí àwa náà ń béèrè lónìí ju ohun tí obìnrin yẹn béèrè lọ.

Nígbà tí ariwo ti ta, wọ́n fún èkúté àti eku tó lóyún ní thalidomide. Àbùkù apá àti ẹsẹ̀ tí wọ́n rí lára ọmọ èèyàn kò hàn lára ọmọ wọn. Ara ehoro àti ọ̀bọ ni wọ́n ti rí i. Ìyẹn ni pé ká ní wọ́n tilẹ̀ fi eku dán an wò ní 1957, eku ì bá ti ní kí wọ́n máa tà á lọ. Ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ ní Japan rí pùrótéènì tí oògùn náà ń lẹ̀ mọ́ nínú ara, orúkọ rẹ̀ ni cereblon. Ní 2018, àwọn mìíràn fi hàn pé bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, sẹ́ẹ̀lì èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ba SALL4 jẹ́, pùrótéènì tí ọlẹ̀ nílò kí apá àti ẹsẹ̀ tó lè jáde. Ti èkúté yàtọ̀. Amino acid kan ṣoṣo tó yàtọ̀ lára cereblon rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí oògùn yẹn yọ̀ kúrò lára rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò.

Eku tún lè ṣi wá lọ́nà láti òdìkejì. Ọ̀rọ̀ ibà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà tí àwọn oògùn ìdílé artemisinin dé, tí wọ́n ń lé ibà lọ kíákíá, ìwádìí lára eku àti ehoro fi hàn pé wọ́n ń pa ọlẹ̀. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún tí oyún rẹ̀ kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lo quinine fún ọjọ́ méje, oògùn kíkorò tó ń mú kí etí máa hó. Ẹni tí kò bá lè lò ó parí, ibà kò ní tìtorí ìyẹn fi í sílẹ̀, ibà fúnra rẹ̀ sì ń fa kí oyún wálẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni àjọ náà tó sọ pé kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lo artemether-lumefantrine. Kí ló yí wọn lọ́kàn padà? Àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin tó ti lò ó, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ nígbà náà pé àwọn ti lóyún. Oyún eku kì í ju ọjọ́ 21 tàbí 22 lọ. Oògùn ọjọ́ mẹ́ta ti gba ìdá kan nínú méje rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta eku àti ọjọ́ mẹ́ta èèyàn kì í ṣe ọgbọọgba. A kò sọ pé eku purọ́. Èdè eku ló sọ.

Kí wá ni ọ̀nà kejì? Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni, èyí tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní stem cell. Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́ ni: ó lè di ti ọkàn, ó lè di ti ọpọlọ, ó lè di egungun. Ní 1981, Martin Evans àti Matthew Kaufman ní Cambridge, àti Gail Martin ní California, yọ irú rẹ̀ láti ara ọlẹ̀ èkúté, wọ́n sì rí i pé ó ṣeé tọ́ nínú àwo, tí yóò máa bí sí i. Ní àwọn ọdún 1990, Horst Spielmann àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Berlin sọ ọ́ di ìdánwò fún kẹ́míkà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á kán omi tó ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ èkúté nínú sí abẹ́ ìdérí àwo, kó so rọ̀ bí ìrì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á ti ṣù jọ bí bọ́ọ̀lù kékeré kan, wọ́n á sì máa tọ́ ọ lọ. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ kẹwàá, ẹni tó bá fi maikirosíkóòpù wò ó á rí i tó ń lù kì, kì, kì. Sẹ́ẹ̀lì ọkàn ti jáde. Bí kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀ bá ń ba ìdàgbàsókè jẹ́, lílù yẹn kò ní wáyé, tàbí kó dín kù. Wọ́n á wo ìwọ̀n kẹ́míkà tó dá lílù náà dúró, wọ́n á wo ìwọ̀n tó ń pa sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ gan-an, wọ́n á tún wo ìwọ̀n tó ń pa sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó dúró fún ara àgbà. Bí ìwọ̀n tó ń dá ìdàgbàsókè dúró bá kéré jọjọ sí èyí tó ń pa sẹ́ẹ̀lì àgbà, a jẹ́ pé ọmọ ni kẹ́míkà yẹn ń bá jà, kì í ṣe ìyá. Oògùn tí kò ní ṣe ìyá ní nǹkan kan, tó sì ń ba ọmọ jẹ́, òun gan-an ló yẹ ká máa bẹ̀rù jù, nítorí ìyá kò ní mọ̀ títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Wọn kò kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Yàrá ìwádìí mẹ́rin gbé kẹ́míkà 20 síwájú rẹ̀, àwọn tí a ti mọ ìwà wọn tẹ́lẹ̀. Nínú ìdánwò 100, nǹkan bí 78 ló gbà. Ní 2002, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wò ní Yúróòpù fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ti tẹ̀síwájú. James Thomson ní Wisconsin ti yọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ èèyàn ní 1998. Lónìí, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà ti lo irú sẹ́ẹ̀lì èèyàn bẹ́ẹ̀ láti yẹ kẹ́míkà tó lé ní 1,000 wò: wọ́n ń wo omi tí sẹ́ẹ̀lì náà wà nínú rẹ̀, wọ́n ń fi ìwọ̀n ornithine wé ti cystine, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá nǹkan ti wọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, òfin tuntun kan ní Amẹ́ríkà yọ gbólóhùn tó sọ ọ́ di dandan kí wọ́n lo ẹranko kí oògùn tó dé ara èèyàn. Ayé ń lọ, àwa ṣì ń fọ àgò eku.

A mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ tí ọ̀rọ̀ bá dé ibí yìí.

Àwọn kan á ní, "Ṣé kì í ṣe ọlẹ̀ ọmọ èèyàn ni ẹ fẹ́ máa pa?" Ìbéèrè tó yẹ ni, a kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ìdánwò ti Berlin tí a ṣàlàyé lókè, sẹ́ẹ̀lì èkúté ló ń lò. Ní ti èèyàn, Shinya Yamanaka ní Kyoto ti ṣí ọ̀nà mìíràn. Ní 2006 ó fi jiini mẹ́rin dá sẹ́ẹ̀lì ara èkúté padà sí ìpìlẹ̀. Ní 2007 ó ṣe é pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì awọ ara èèyàn. Ní 2012 wọ́n fún òun àti John Gurdon ní ẹ̀bùn Nobel. Awọ díẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára àgbàlagbà tó fọwọ́ sí i ti tó. Kò sí ọlẹ̀ kankan tí a ó fọwọ́ kàn.

Àwọn mìíràn á ní, "Àwo kì í ṣe ilé ọmọ." Òótọ́ ni. Láàárín oògùn tí ìyá gbé mì àti ọlẹ̀, ẹ̀dọ̀ ìyá wà níbẹ̀, olóbì wà níbẹ̀. Kẹ́míkà kan lè wọ inú ara láìní oró, kí ẹ̀dọ̀ sì sọ ọ́ di olóró. Àwo kò ní rí ìyẹn. Nígbà tí wọ́n tún gbé kẹ́míkà mìíràn síwájú ìdánwò Berlin, àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ. A kò sọ pé kó jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Asẹ́ ni. Ẹni tó ń sẹ́ ògì mọ̀ pé asẹ́ kọ́ ni ògì, ṣùgbọ́n bí kò bá sẹ́ ẹ, èèrí ni yóò mu. Ìdánwò ẹranko tó péye fún ọlẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí abo ogún tó lóyún fún ìwọ̀n oògùn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n mẹ́ta àti ẹgbẹ́ kan tí kò gba nǹkan. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rin abo fún ọjà kan ṣoṣo. Ta ni yóò ṣe é fún gbogbo ìgò tó wà ní ọjà wa? Kò sẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ṣe é rárá. Bí asẹ́ bá wà, àwọn tó bá há sórí rẹ̀ nìkan ni a ó náwó ẹranko lé lórí.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń bí wa nínú jù: "Kò sí iná, kò sí owó, ti òyìnbó ni." Lóòótọ́, sẹ́ẹ̀lì kò mọ̀ pé wọ́n ti mú iná lọ. Ó ń fẹ́ ibi tó móoru déédéé, ó ń fẹ́ gáàsì, ó ń fẹ́ náítírójìn olómi. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2020, ACEGID, ilé ìwádìí tó wà ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ka jiini kòrónà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Iná tó ń ṣe ségesège náà ni wọ́n bá nílẹ̀. A kò ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní yàrá sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. A ní kí yunifásítì bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin pawọ́ pọ̀ ní ọ̀kan, kí panẹ́ẹ̀lì oòrùn wà lórí òrùlé rẹ̀, kí gbogbo wa máa kó ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá lè kọ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ lè kọ́ yàrá sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀kẹrin ni, "Ìyá wa mu àgbo, wọ́n sì bí wa láyọ̀." Àwa náà mu ún. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó mọ ewé kò fìgbà kan sọ pé gbogbo ewé ni aboyún ń mu. Wọ́n ní èyí tó jẹ́ tirẹ̀, wọ́n ní èyí tó jẹ́ èèwọ̀ fún un. Ọgbọ́n yẹn ni ẹni tó ń se gbogbo ewé pọ̀ sínú ìgò tó ń lẹ bébà mọ́ ọn ti sọ nù. Ìdánwò tí à ń sọ kò bá ọgbọ́n àwọn àgbà jà. Ó lè bá wa fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n sì rèé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn fún iṣẹ́ HapMap ní ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn 90 ló wà lára èèyàn 270 tí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ lò: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ yẹn wà ní Coriell, ní Camden, ìpínlẹ̀ New Jersey. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Chicago kéde pé àwọn ti dá sẹ́ẹ̀lì èèyàn 58 nínú àwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyẹn padà sí ìpìlẹ̀. Wọn kò jí i. Àwọn tó fún wọn fọwọ́ sí i. Ohun tó ń dùn wá ni pé ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn ti di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ní Chicago, ọmọ Ìbàdàn tó ń ka Pharmacology sì ń lé akọ eku kiri nínú àgò.

Ó tún ju ọ̀rọ̀ ìlara lọ. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Michigan yẹ oríṣi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ọlẹ̀ èèyàn 47 wò lára èyí tí wọ́n ń lò jù. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti ìran Yúróòpù; kò sí ìkankan tó jẹ́ ti ìran Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni jiini èèyàn ti yàtọ̀ síra jù lágbàáyé. Bí amino acid kan ṣoṣo bá lè mú kí thalidomide fojú fo èkúté, kí ló dé tí a fi gbà pé ohun tó bá tẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìran kan lọ́rùn ti tẹ́ tiwa náà lọ́rùn? Bí a kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò, a ó wà níbi tí èsì ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ rin ọjà tó wà lẹ́nu géètì ilé-ìwé yín. Ẹ ó rí oògùn tó ń fọ ilé ọmọ, tíì tó ń mú ikùn wọlé, ìgò tó ń lé "infection" jáde, ìpara tó ń bóra. Ta ló ń rà wọ́n? Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ni, àti àwọn ìyàwó tó ń wá ọmọ. Ẹni tó ń wá ọmọ lè ti lóyún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó má mọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ọkàn ọlẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í lù, àsìkò yẹn náà ni thalidomide ti ń ba nǹkan jẹ́, láàárín ọjọ́ 20 sí 36 lẹ́yìn tí oyún dúró. Ẹ wá ka ara páálí. Lára ọ̀pọ̀ àgbo tí NAFDAC ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó rí gbólóhùn kékeré kan pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olóògùn sọ wò. Nọ́ńbà ni àwọn èèyàn ń wò, wọn kì í ka gbólóhùn yẹn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni à ń béèrè. Àkọ́kọ́, kí NAFDAC sọ ọ́ di dandan pé ọjà èyíkéyìí tí wọ́n bá pè ní ti aboyún, ti ẹni tó ń wá ọmọ tàbí ti ilé ọmọ, gbọ́dọ̀ mú èsì ìdánwò sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wá kó tó gba nọ́ńbà. Èyí tó bá há sórí asẹ́, kí ó lọ fún ìdánwò tó jinlẹ̀. Ìkejì, kí àwọn yunifásítì wa pawọ́ pọ̀ ní yàrá sẹ́ẹ̀lì kan, kí wọ́n sì tọrọ díẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì àwọn ará Ìbàdàn wá sílé. Títí yàrá yẹn yóò fi wà, kí olùkọ́ má gba project kankan tó fi akọ eku nìkan sọ pé ewé kan kò léwu fún obìnrin. Ìkẹta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà nínú láàbù ní London, Houston tàbí Toronto: kì í ṣe owó àsè àjọṣe ọdọọdún nìkan la fẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ gba ọmọ kan sọ́dọ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì, kí ó sì padà wá kọ́ mẹ́wàá.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. A ti sọ ọ́. Ẹ̀ka tó bá ṣetán láti bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀, kó kéde, a ó wá. Èyí tó bá ní àwáwí karùn-ún, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde, a ó sì dá a lóhùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ọmọ tí a sì ń wí yìí kò tíì dé ọjà rárá.